Ọ̀rá Inú Ẹja Àlhájà Kúlúsúmù

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá Àlhájà Kúlúsúmù jà ní Ọjà'ba, kò nílò kó bú ìyá rẹ̀ tàbí kó gba ibùjókòó rẹ̀. Kó sáà ti gbé ẹja rẹ̀ kan sókè, kó wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, kó wá béèrè pé, "Ṣé èyí náà lọ́ràá báyìí?" Ó parí. Ìjà ti dé nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ là á, kó yáa gbé àga dání, torí kò ní í tán bọ̀rọ̀.

Ẹja àrọ̀ ni Àlhájà ń yan. Láràárọ̀ ni àwọn apẹja ń gbé e wá fún un láti adágún Olójúoró, níbi tí omi gọ́tà àti odò wẹ́wẹ́ àárín ìlú ń ṣàn lọ. Yóò la inú wọn, yóò fọ̀ wọ́n, yóò ká wọn róbótó, yóò tẹ́ wọn sórí wáyà lókè àgbá iná nínú àgbàlá ilé ọkọ rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Kí oòrùn tó mú, ọ̀rá ẹja ti ń kán sínú iná, ó ń dún ṣìì, ẹni tó ń gòkè lọ jẹ́jọ́ ní Mápó á gbàgbé ẹjọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rá yìí ló sọ Kúlúsúmù di ẹni tó jẹ́. Ìyá rẹ̀ tó yan ẹja ṣáájú rẹ̀, Ìyá Ọlọ́ràá ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìyá kú, orúkọ bọ́ sórí ọmọ. Nígbà tí ọmọ sì ti Mẹ́kà dé ní ọdún 1983, ó di Àlhájà Ọlọ́ràá. Ìyá rẹ̀ kò fi ilé sílẹ̀ fún un, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ yìí ló fi sílẹ̀, Kúlúsúmù sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Ohun kan péré ló fi kún ogún yìí. Ewé ni ìyá rẹ̀ fi ń di ẹja fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n Àlhájà ní ọ̀làjú ti dé. Ó lọ sí Mọ́lété, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀rá tí kò sẹ́lòmíì tó ń lò ó l'Ọ́jà'ba. Dúdú ni ọ̀rá gbogbo ayé, funfun ni ti àwọn tó ń ta omi tútù. Búlúù ni tirẹ̀, búlúù tó ń tàn yànràn.

"Kí ẹni tó gbé e dání tó délé," ó máa ń wí, "gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ pé ẹja Kúlúsúmù ló ń kọjá. Kò sẹ́ni tó lè ṣi ẹja mi mọ̀!"

Bó bá rí obìnrin tó gbé ọ̀rá búlúù lọ́wọ́ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, á máa kí i láti òdì kejì títì bíi pé àna rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà ti rí i pé ọ̀rá ti di méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi sọ́kàn. Àlhájà kò fi sọ́kàn, ohun tó kó bá a gan-an nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1992, ọmọbìnrin tín-ínrín kan tó fi awò sójú, tó gbá ìwé mọ́ àyà, dúró níwájú àtẹ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mọ́ Àlhájà nínú. Àwọn ọmọ yunifásítì tó mọ̀, orí lásán ni wọ́n máa ń mì sí àgbà bí aláǹgbá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Títílayọ̀ Akínwùmí ni orúkọ mi, láti Òkè-Àdó. Mo ń ṣe ìwádìí nípa ẹja adágún Olójúoró, fún oyè mi ní yunifásítì."

"Ìwádìí kẹ̀? Kí lẹja jí?"

Ìyá Grace, aláta tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àlhájà láti ogún ọdún, ti dáwọ́ ata dúró. Aládùúrà ni Ìyá Grace, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kọjá òun.

Ohun tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábọ̀wálé, ọ̀gá Títílayọ̀, ti kìlọ̀ fún un kó tó jáde pé, "Tó o bá dé ọjà, o ò gbọdọ̀ sọ gẹ̀ẹ́sì kankan sí wọn o. Yorùbá gidi ni kó o sọ." Títílayọ̀, ẹni tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà, ti jókòó sílé odidi ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wá Yorùbá gidi fún náílọ̀n. Ó rí i. Inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí i.

"Mà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa ń rí ọ̀rá nínú ẹja yín."

Àlhájà kọ́kọ́ wo Ìyá Grace. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rá! Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò sọ orúkọ mi fún ẹ kó o tó wá ni? Àlhájà Ọlọ́ràá ni wọ́n ń pè mí!"

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Títílayọ̀. "Torí ọ̀rá inú ẹja ni wọ́n ṣe ń pè yín bẹ́ẹ̀?"

"Torí kí ni ì bá tún jẹ́?"

"Ṣé ó máa ń pọ̀, mà?"

"Ó máa ń pọ̀ kẹ̀! Tí mo bá la ẹja kan báyìí, ọ̀rá á kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ẹja tí ò bá lọ́ràá nínú, mi ò ní í tà á fún ọmọlúàbí."

Títílayọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, wóró-wóró díẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń rí nínú ẹja díẹ̀. Níbí, bámúbámú ni!

"Láti ìgbà wo ló ti ń rí bẹ́ẹ̀, mà?"

"Láti ayé ìyá mi. Ọ̀rá yẹn ló fi tọ́ wa. Àwa ọmọ máa ń jà sí i ni."

"Ẹ máa ń... jẹ ẹ́?"

"Jẹ ẹ́ nìkan? A tún máa ń lá ìka!"

Títílayọ̀ wo ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí ara rẹ̀ ń dán, tí apá rẹ̀ le ju tòun lọ, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé, "Kò tíì hàn lára wọn."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ló ń wá gba ìfun ẹja sínú ìgò wẹ́wẹ́. Ìyá Grace béèrè bóyá wọ́n ti jẹ ẹran ẹja tán ní yunifásítì ni, tó fi wá ku ìfun. Ṣùgbọ́n Àlhájà fẹ́ràn ọmọ náà. Ìfun tó bá tóbi jù, òun ló ń fi pamọ́ fún un, á sì tún bu ẹja yíyan lé e lọ́wọ́. Títílayọ̀ á dúpẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ rí. Ó ní òun ń gbààwẹ̀.

"Ìyá Grace," Àlhájà béèrè lọ́jọ́ kan, "ààwẹ̀ tiyín kì í tán ni? Ọgbọ̀n ọjọ́ là ń gba tiwa."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lọmọ yẹn ń lọ?" ni Ìyá Grace fi dá a lóhùn. "Kì í ṣe tiwa o."

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́. Àkíbù, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní iwájú àtẹ wọn, ló tan ọ̀kan lára àwọn rédíò tó ń tún ṣe, tó gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè mọ̀ bóyá ó ti sàn. Ètò ìlera ló bá lórí rẹ̀. Lójijì ni Àlhájà gbọ́ ohùn tó mọ̀.

"...Mo sì dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ Àlhájà Kúlúsúmù, gbajúmọ̀ ẹlẹ́ja l'Ọ́jà'ba, tó jẹ́rìí fún mi pé kò sí ẹja tí àwọn ń tà tí kò lọ́ràá nínú, àti pé láti ayé ìyá wọn ló ti rí bẹ́ẹ̀..."

Àlhájà dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ gbọ́! Ẹ wá gbọ́ o! Wọ́n ń pè mí ní rédíò! Àkíbù, fi kún un!" Ó mú ẹja mẹ́ta tó tóbi, ó pín in fún àwọn tó wà nítòsí, ó ní kí wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n fi bá òun dúpẹ́. Ó ń jó díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Àkíbù fi kún un.

"...Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọ̀rá ara là ń sọ o," ni ohùn Títílayọ̀ ń bá a lọ. "Ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi tútù sí, ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù lọ́jà, tí a ń jù sí gọ́tà, tó ń gé wẹ́wẹ́ lọ sínú adágún. Ọ̀rá yẹn ló wà nínú ẹja..."

Ẹni tó ti ki ẹja bọnu rọra yọ ọ́ padà. Àlhájà dúró sójú kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìbàdí. Àkíbù pa rédíò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ síta.

Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní, "Àlhájà, ẹ fún mi ní èyí tí wọn ò tíì fi ọ̀rá dì nínú." Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń ti Agodi wá rajà ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja náà gbé omi tútù mì pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀ ni. Ìyá olóúnjẹ ní Mọ́lété, tó ń kó apẹ̀rẹ̀ kan lọ́sẹ̀, kò rán ẹnikẹ́ni wá mọ́. Èyí tó dun Àlhájà jù ni orúkọ. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè é tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó bá ara rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àṣárì, tó ń sunkún ìyá tó ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún bíi pé àná ló kú. Orúkọ kan péré ni ìyá fi sílẹ̀, òun sì ti fi ẹnu ara òun bà á jẹ́.

Nígbà tí Títílayọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé bísíkíìtì dání fún Àlhájà, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí Àlhájà fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́? Ìfun tó dáa jù ni mò ń fún ẹ! O wá lọ ń sọ fún gbogbo ayé pé mò ń fún wọn lọ́ràá jẹ?"

"Àlhájà, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi! Ẹ ní bámúbámú ló ń kún!"

"Ọ̀rá ara ẹja ni mò ń sọ! Èyí tó ń kán síná!"

Títílayọ̀ kígbe. "Ye! Èmi... náílọ̀n ni mò ń sọ, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ pé náílọ̀n?"

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ gẹ̀ẹ́sì."

Ìyá Grace dojú bo ata rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Àlhájà kò rẹ́rìn-ín. Títílayọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín, torí ó ní ohun kan tó ṣì kù láti sọ, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Ó ní òótọ́ ni pé òun ṣi Àlhájà gbọ́, òun á sì ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ yẹn ní rédíò. Ṣùgbọ́n inú àwọn ìfun tí òun ń kó lọ, òun rí náílọ̀n níbẹ̀ lóòótọ́. Òmíràn ò tó orí abẹ́rẹ́.

"Irọ́ ni," ni Àlhájà wí. "Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń la ẹja, mi ò rí i rí. Gbọ́, ọ̀la lọjọ́ ọjà. A máa la ẹja tútù mẹ́ta lójú gbogbo èèyàn. Tí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má pè mí ní Ọlọ́ràá mọ́ láéláé. Tí ò bá sí níbẹ̀, wàá padà sí rédíò ẹ, wàá ní o parọ́ mọ́ mi. Ṣó o gbà?"

Títílayọ̀ ní, "Mo gbà, mà."

Ní ọjọ́ kejì, ẹ ò ní í rí ibi tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ sí. Àwọn tí kò ra ẹja láti ọ̀sẹ̀ kan wá ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí inú ẹja. Àkíbù pa ìsọ̀ dé. Ìyá Grace gbé pákó lélẹ̀, ó ní òun ni onídàájọ́, kò sì sẹ́ni tó yàn án. Wọ́n fi abọ́ omi kan sí ẹsẹ̀ Àlhájà kó lè máa fọwọ́.

Ẹja àkọ́kọ́. Àlhájà là á láti ọ̀fun dé ìrù, ó fa ìfun rẹ̀ yọ, ó tú u sórí pákó. Iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, koríko, eegun ẹja wẹ́wẹ́.

"Ọ̀rá dà?" ni Àlhájà béèrè.

"Kò sí!" ni ọjà dáhùn.

Ẹja kejì rí bákan náà. Títílayọ̀ gbé gíláàsì kan jáde, irú èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun fi wò ó. Wọ́n hó lé e lórí. Àkíbù ní ohun tí ojú méjì òun ò rí, tó bá ti di gíláàsì, gíláàsì ló gbé e wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Àkíbù.

Ẹja kẹta ló tóbi jù. Àlhájà ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tó là á. Ó ki àtàǹpàkò bọ àpò inú ẹja náà bó ṣe máa ń ṣe, ó sì dáwọ́ dúró.

Àtàǹpàkò yẹn mọ iyẹ̀pẹ̀ yàtọ̀ sí eegun, ó mọ eegun yàtọ̀ sí koríko. Ohun tó fọwọ́ kàn yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó fẹ́lẹ́, ó ń yọ̀, kò sì já nígbà tó fà á. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka nu ẹ̀jẹ̀ ẹja kúrò lára rẹ̀. Kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Búlúù ni, búlúù tó ń tàn yànràn.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ọjà ti ń hó, Ìyá Grace ti bẹ̀rẹ̀ orin ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ lu àtẹ ata. Abọ́ omi wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó sáà ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tán, orúkọ ìyá rẹ̀ ti padà wálé. Títílayọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kó gíláàsì rẹ̀ sínú báàgì, omijé ń kán sórí ìwé rẹ̀. "Ẹ má bínú mà," ó ń wí. "Màá lọ sọ ọ́ ní rédíò. Màá ní mo parọ́ mọ́ yín."

Àlhájà bojú wo àwọn tó ń hó. Ta ni kò jẹ ẹja òun rí nínú wọn? Àwọn ọmọ Àkíbù, ẹja òun ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Grace fúnra rẹ̀, orí ẹja òun ló ń jẹ títí ó fi wọ ilé ọkọ. Ojú tì í, ó tì í tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ gbóná, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

"Títílayọ̀," ó wí, "gbé gíláàsì ẹ bọ̀."

Orin Ìyá Grace já sí méjì. Àlhájà na àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ọwọ́ kejì mú ọ̀kan nínú ọ̀rá tó fi ń di ẹja, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì. Búlúù àti búlúù. Títílayọ̀ tún padà sí ìfun ẹja àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, ó fi gíláàsì wá inú iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń fi ṣóńṣó bírò tọ́ka sí wọn: wóró funfun, wóró dúdú, wóró búlúù. Wọ́n ń wò ó níkọ̀ọ̀kan. Àkíbù wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Láìlá ilá-Láhù," ó sì rọra lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀.

Ìyá Grace ló pẹ́ jù lórí gíláàsì. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àánú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra.

"Àlhájà, ṣebí ẹ ní kò sẹ́ni tó lè ṣi ẹja yín mọ̀? Lóòótọ́ ni o. Ẹ ti sàmì sí i nínú lọ́hùn-ún kí apẹja tó mú un."

Gbogbo ọjà ń retí ìjà. Àlhájà wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tó jọ ẹkún, ẹkún náà sì tẹ̀ lé e lóòótọ́. Ìyá Grace fi ìbòrùn ara rẹ̀ nu ojú fún un, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Àlhájà sọ fún Títílayọ̀. "Kọ ọ́ pé èmi Kúlúsúmù ni mo rí i, pé ọ̀rá tèmi ni. Lọ sọ ọ́ ní rédíò. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, jọ̀ọ́, ọmọ mi, sọ pé náílọ̀n."

Láti ọjọ́ náà, ewé ni ó fi ń di ẹja. Àwọn oníbàárà tó padà kò tó àwọn tó lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Ọlọ́ràá mọ́. Wọ́n ń pè é ní Àlhájà Eléwé, ó ń jẹ́ ẹ tìlọ́ratìlọ́ra. Ìfun ẹja, kì í dà á nù mọ́ láì kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò wá inú rẹ̀.

Nígbà tí Títílayọ̀ gba oyè rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àlhájà la ẹja kan lójú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó yan án, ó wé e sínú ewé.

"Ṣé ààwẹ̀ lónìí náà?"

"Rárá, mà," ni Títílayọ̀ wí, ojú sì tì í. Ó bu ẹja náà, ó fi sẹ́nu, ó di ojú. Ó jẹ ẹ́ dé eegun, ó sì lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àlhájà," ó wí, "ẹja yìí mà lọ́ràá o."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Kúlúsúmù, kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn tó ìyẹn. Ó la ẹnu láti dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, ó sì tún pa á dé. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹnu ọmọ náà.

"Èwo nínú méjèèjì?" ó béèrè, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.